Ọmọ Àparò Ló Gba Fóònù Lọ́wọ́ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí àbí ó ṣì ń fajú ro bí ẹni tó gbé omi kíkan mì? Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dí, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, orúkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Àmín. Bí o bá ń béèrè tèmi, mo wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, nítorí náà òsì ni mo fi ń rìn. Èmi fúnra mi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún ọ pé mo bẹ akọ̀wé. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní kí n mú un wá kí òun bá mi tún un kọ, mo ní kó má ṣèyọnu, ọmọ mi ni mo ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìjọba. Bí o bá rí ibi tí yíǹkì ti ṣàn, omi ló kán sí i. Bí o bá rí ibi tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ẹsẹ̀ ẹyẹ ni. Ó ti rìn lórí ìwé yìí kí n tó rí àyè kọ nǹkan sí i, ìwé sì wọ́n ju kí n jù ú nù lọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí. Mo mọ̀ pé o pè mí títí, pé o tún pe àbúrò bàbá rẹ kó wá wò mí bóyá mo ṣì ń mí. Mò ń mí. Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù ni pé fóònù ti di abiyamọ. Má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bá sùn ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, a kì í fa olùtọ́jú yọ lábẹ́ rẹ̀ ká gbé e létí ká máa bi í bí ọjà ṣe rí. Gbogbo ìgbà tí o bá pè ni ọmọ náà ń ta gìrì, bí mo bá sì nawọ́ sí fóònù, á fi igbe bọnu. Fóònù náà fúnra rẹ̀ sì ti kú báyìí. Torí náà ni mo ṣe mú bírò, kí n lè rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu àbúrò bàbá rẹ ni o ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń lọ kó má bu díẹ̀ jẹ lọ́nà.

O mọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti ń wa amọ̀ ìkòkò mi. Koríko ti bò ó. Àbúrò bàbá rẹ yìí náà, ọkọ mi kékeré, tí mo sọ ní Mo-Ti-Wí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé yìí rí tí kò ní sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀, ó lọ yá ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Mo ní kó lo àdá. Ó ní ayé àdá ti kọjá. Ó ti ẹ̀rọ wọ koríko, ó ń lọ tuurutu, bẹ́ẹ̀ àparò kan wà níbẹ̀ tó fi apá bo àwọn ọmọ rẹ̀. O mọ àparò, ẹsẹ̀ èèyàn lásán ló máa ń mú un fò, ṣùgbọ́n bó bá ní ọmọ lábẹ́, kò ní fò. Àdá a máa rí abiyamọ yà fún. Ẹ̀rọ ò ríran. Àwọn ọmọ tú ká wọ igbó, ìyá ò lè tú ká mọ́. Mo-Ti-Wí ò tilẹ̀ kẹ́dùn, ó gbé e, ó sun ún, ó jẹ ẹ́, ó gbé itan kan wá fún mi. Mi ò jẹ ẹ́. Mo ní eyín ń dùn mí. Irọ́ ni, eyín mi ò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà tí mo wá jáde láti lọ wa amọ̀ ni mo gbọ́ nǹkan tó ń ké lábẹ́ koríko tí wọ́n gé, fíì, fíì, bí ìgbà tí ẹnu ọ̀nà bá nílò òróró. Mo hú koríko. Ọmọ àparò kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju òkúta tí mo fi ń dán ìkòkò lọ, ilà dúdú dúdú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Mo-Ti-Wí yọjú wò ó, ó ní kí oòrùn tó wọ̀ á ti kú, òun ti wí i, ọmọ igbó ni àparò, kò sẹ́ni tó ń tọ́ ọ. Mo ní èmi á tọ́ ọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, ẹ wá wò ó o, Ìyàwó wa tí ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní ìlú ńlá kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀, òun náà ló fẹ́ máa tọ́jú ẹlòmíràn!

Àwọn tó ń fa omi ní kànga gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó télọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé korobá rẹ̀ já padà sínú kànga. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju orúnkún mi lọ. Mo gbé ọmọ àparò sókè, mo ní kí ẹni tó bá létí gbọ́: bí ọmọ yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, lọ́jọ́ kejì ni n ó di ẹrù mi, n ó lọ jókòó sí ìlú ńlá bí ìkòkò tó sán. Ṣùgbọ́n bó bá yè, tó dàgbà, tó fi apá ara rẹ̀ fò, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìlú ńlá sí mi létí mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tí mo bí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti balẹ̀. Kí n tó délé, Mo-Ti-Wí ti pè ọ́. Mo gbọ́ pé o ní o fara mọ́ ọn. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ ti ra kọ́tìnì sí yàrá tí ẹ kùn dè mí. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́. Mo sì mọ̀ ọ́ lọ́mọ, mi ò rò pé o gbàdúrà kí ẹyẹ kú, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o gbàdúrà kó yè náà.

Ọmọ mi, ọmọ títọ́ ò dẹrùn. Mo kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ adìẹ mi tó ń sàba, mo rò pé abiyamọ mọ iyì abiyamọ. Adìẹ wò ó láti òkè délẹ̀ bí ìyálé tó rí ìyàwó tuntun, ó sọ ọ́ lórí kó! Mo gbé e kúrò kíákíá. Mo mú ìkòkò kékeré kan tó ti wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀, nítorí ìkòkò tí oòrùn bá wọ̀ dáadáa, ooru rẹ̀ kì í tètè lọ, mo sì tẹ́ fìlà bàbá rẹ sí i nínú. Fìlà aláwọ̀ búlúù yẹn ni, èyí tí o ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ fún ìrántí. Má bínú, ó ti ní ìrántí mìíràn lára báyìí. Ooru wà, ibùsùn wà, ṣùgbọ́n ọmọ kọ oúnjẹ. Mo fọ́ ọkà fún un, ó kọ̀. Mo fún un ní ikán, ó ń wò ó. Ikán ń rìn kọjá lábẹ́ imú rẹ̀, ó ń ké ìyá rẹ̀ ṣáá. Mo wo àpótí ẹrù mi tó wà lábẹ́ ibùsùn, mo gbójú kúrò.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo tún ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe. Fóònù tí o rà fún mi ni, ó ti ń kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún. Mo fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ sí i, kí èyí tó wà nínú rẹ̀ lè dà, ṣùgbọ́n kò dà, ó ṣì ń kọ ọ́ pé òun yó. Mo gbé ìkòkò dání lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju àga méjì lọ, wáyà ló kún ibẹ̀. Ó gbọ́ igbe ọmọ àparò, ó ní, Màmá, kí lẹ gbé sínú ìkòkò? Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n dúró ná. Ó tẹ fóònù tirẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, lójijì ni àparò ké láti inú fóònù, kẹ̀rẹ́-kẹ̀rẹ́-kẹ̀ẹ́! Ọmọ tó ti juwọ́ sílẹ̀ fò dìde nínú ìkòkò, ó na ọrùn, ó dáhùn. Ara mi bù máṣọ. Ọmọbìnrin náà ní òun á fi ohùn náà sínú fóònù tèmi, kó máa ké láti ìgbà dé ìgbà fúnra rẹ̀. Ó kó gbogbo ohun tó mú un yó kúrò, ó fi àparò sí i.

Mo gbé fóònù sínú ìkòkò, mo fi wáyà rẹ̀ sí iná mànàmáná, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ náà rá pálá wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ké, tí mo sì fi ìka mi gún ilẹ̀ ìkòkò tọ́-tọ́-tọ́ bí ẹnu ẹyẹ, ọmọ á sọ ikán mì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o bá mi ronú sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹyẹ tó ń ké nínú fóònù yìí, ta ni? Mo-Ti-Wí ní kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀. Mo bi í pé, bí ọmọ mi bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ṣé ọmọ mi ò sí ni? Ó wà. Ṣé inú fóònù ló wà? Rárá, ìlú ńlá ló wà. Torí náà àparò tó ń ké nínú fóònù, ìlú ńlá lòun náà wà. Kì í ṣe ìyá ọmọ, nítorí ikùn Mo-Ti-Wí ni ìyá ọmọ wà. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mo wá rí i pé ìyá-àgbà rẹ̀ ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó láti abúlé lọ sí ìlú ńlá kó lọ jókòó. Wò ó bó ṣe ń ké, àkọ́bí mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ ti jẹun, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò béèrè òjò, kò béèrè oko, kò béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Ẹni tó ti ní làákàyè nígbà kan rí ni o, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Ohun tí ìlú ńlá ń sọ àgbàlagbà dà nìyẹn. Bí o bá rí i lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, bá mi kí i, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà sílé.

Nígbà tí o wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé o ti fi nǹkan sí báńkì fún mi, mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀, mi ò sì lè ya òun àti ìyá-àgbà rẹ̀. Mo so àwọn méjèèjì mọ́ àyà lábẹ́ ìborùn, mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Ilẹ̀kùn báńkì yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n? Gíláàsì ni, ó rí róbótó bí ìgò ńlá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo kà á fúnra mi. Mo wọ inú rẹ̀, ó pa mí mọ́, ó wá ń ké kíì kíì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní irin wà lára mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Ó tún ké. Mo yọ ọ̀bẹ tí mo fi ń gé amọ̀, ẹ̀ṣọ́ fò sẹ́yìn. Ó tún ké. Nígbà náà ló yé mi. Mo ní, ọmọ mi, ilẹ̀kùn yín ò ṣìṣe o, àwa méjì la wà níbí, mo sì ká ìborùn díẹ̀ kó rí orí ọmọ náà. Ilẹ̀kùn tó lè mọ̀ pé ọmọ àparò wà láyà èèyàn, ó gbọ́n ju Mo-Ti-Wí lọ, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀ṣọ́ wò mí, ó wo ẹyẹ, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Nínú lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin kan tó kun ètè fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè iye ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, mo kọ ọ̀kan. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo kọ pé kò tíì hu ìyẹ́. Ó kà á, ó tún un kà. Ó wá ní báńkì ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun. Mo yọ fóònù lábẹ́ ọmọ, lóòótọ́ nọ́ńbà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì kan náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ní sọ. Ó ní òun ni báńkì. Mo ní bó bá jẹ́ ìwọ ni báńkì, a jẹ́ pé o ti mọ nọ́ńbà náà, kí lo tún ń bi mí sí? Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀ mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni ni ìwọ náà. Ẹni tó bá fi àṣírí pamọ́ sọ́dọ̀ mi, ó ti fi pamọ́ sínú àpáta. Ibi tí a ti ń fà á ni ìyá-àgbà ti ké láyà mi, kẹ̀rẹ́-kẹ̀rẹ́-kẹ̀ẹ́, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà gbójú sókè, wọ́n ń wá ẹyẹ lórí àjà. Ọmọ dá a lóhùn. Ọ̀gá báńkì ní kí n máa lọ sílé ní àlàáfíà. Mo lọ. Mi ò rí owó gbà o, ṣùgbọ́n mo pa àṣírí mọ́. Kí o mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè tàn.

Ọmọ ń dàgbà, ó hu ìyẹ́, ó ń gun orí fóònù bí ẹni gun òkìtì. Ohun tí ọmọ máa ń ṣe lára abiyamọ, ó ṣe é sára fóònù, ó sì bọ́ sí ojú ihò tí wáyà ń wọ̀. Fóònù kú. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ìyá-àgbà dákẹ́. Ọmọ ń yí i po, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu kó-kó kó lè jí, kò jí. Ó padà sẹ́yìn, ó juwọ́ sílẹ̀, ó kọ oúnjẹ bíi ti àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe ti rìnrìn àjò. Mo-Ti-Wí yọjú láti orí ògiri, ó ní, Ìyàwó wa, ṣé kí n wá bá yín di ẹrù? Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Mo wo ilé. Mo wo ibi tí mo ti ń po amọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ mi ti gbẹ́ ilẹ̀ wọlé. Mo ní, bí ọmọ yìí ò bá jẹun, ta ni yóò máa jókòó síbí?

Mo bá gbé ìtìjú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, èmi abiyamọ àgbà, mo yọ ọ̀fun, mo ké bí àparò. Èyí tí mo kọ́kọ́ ké dà bí ilẹ̀kùn tó ya. Ọmọ fi ojú kan wò mí, ó fi ojú kejì wò mí. Mo tún un ké. Ìyàwó télọ̀ sáré wọlé, ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo fọwọ́ lé e jáde, mo tún un ké. Títí mo fi gbà á bó ṣe yẹ, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń wá, a ó ti í jáde nímú, a ó gé e kúrú lópin. Mo gún ìka nílẹ̀ tọ́-tọ́-tọ́. Ọmọ àparò na ọrùn, ó dá mi lóhùn, ó wá, ó jẹ! Bí Mo-Ti-Wí bá pè ọ́ pé ìyá rẹ ti ń ké bí ẹyẹ nínú àgbàlá, òótọ́ ló sọ. Bó bá ní orí mi ti dàrú, irọ́ ló pa. Òun náà kúkú ni mo ń rí tó ń gbé agolo ikán sórí ògiri ní àràárọ̀, bí mo bá bi í, á ní adìẹ òun lòun wa ikán fún, òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ ìyá, ẹ̀rí ọkàn ń jẹ òun náà.

Bí mo ṣe ń ké lójoojúmọ́ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn láti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn àparò ni, àwọn tó tú ká lọ́jọ́sí, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti kóra jọ. Ọmọ á gun etí ìkòkò, á tẹ́tí. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún tí ìwọ náà ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí o ń wo ọkọ̀ tó ń lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ìkòkò, ó bọ́ sórí ògiri, ó wò mí, frrr, ó fò lọ. Mo rò pé inú mi á dùn. Mo jókòó sórí àpótí, mi ò lè po amọ̀ títí oòrùn fi mú.

Mo-Ti-Wí dé, ó gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Ó ní ẹyẹ tó sọnù àti ẹyẹ tó kú, ọ̀kan náà ni wọ́n, òun ti wí i, kí n di ẹrù. Mo ní kò kú. Ó ní kí n fi hàn án. Ó pe ìyàwó télọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ìyàwó télọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ dání, a jọ lọ sí etí igbó. Mo lóṣòó, mo ké. Kò sí èsì. Mo tún ké. Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ koríko. Mo-Ti-Wí bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù tí ọkọ̀ ìlú ńlá kì í wọ́n. Mo tún ké ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi sì gbọ̀n díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Koríko mì. Àwọn àparò yọ orí sórí ebè, wọ́n dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan já kúrò láàárín wọn, ó ń sáré bọ̀, ó wá títí dé ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìka gún ilẹ̀. Ó sọ ìka mi tọ́. Ìyàwó télọ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, Màmá, ẹ mú un, apẹ̀rẹ̀ rèé, ẹ dé e mọ́bẹ̀, kí gbogbo àdúgbò lè rí i! Ó súnmọ́ mi débi pé bí mo bá ti na ọwọ́, mo ti mú un. Mi ò na ọwọ́ láti mú un. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, máa lọ! Ó fò, gbogbo wọn fò, wọ́n ré kọjá lórí wa, mi ò sì mọ èwo ni tèmi mọ́.

Mo-Ti-Wí ò rántí sọ pé òun ti wí i. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dáná. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló tó ní, Ìyàwó wa, àdá ni n ó fi gé koríko tó kù.

Torí náà, àkọ́bí mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Má rán awakọ̀ wá gbé mi. Yàrá tí o kùn, tí ìyàwó rẹ ta kọ́tìnì sí, ẹ fi ìyá ìyàwó rẹ síbẹ̀, òun ni kò tọ́ ẹyẹ rí. Ibi tí mo ti ń mọ ìkòkò ni n ó máa wà.

Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn bí mo ṣe ń po amọ̀. Ẹyẹ yẹn ò jẹ mí ní gbèsè kan, ó wá nígbà tí mo pè é. Ká ní mo dé apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni, ìgbẹ̀yìn tó máa dáhùn nìyẹn. Mo sì rántí pé gbogbo ìgbà tí o bá pè mí sí ìlú ńlá, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ bóyá o gbé apẹ̀rẹ̀ dání, ìyẹn ni mi ò fi ń dáhùn. Bí o bá pè mí báyìí, pè mí bí a ṣe ń pe ẹni tí yóò padà sílé, n ó wá. Mo fẹ́ rí àwọn ọmọ. Mo fẹ́ rí kọ́tìnì náà pẹ̀lú, kí n mọ̀ bóyá wọn ò rẹ́ ìyàwó rẹ jẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe, tó ti dé báyìí, lè bá mi yọ ohun tí ọmọ fi sí i nínú. Má fi sí báńkì, àwa ò rẹ́ níbẹ̀ mọ́, fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kí o sì fi owó ọkọ̀ mi sí i. Owó àbọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí ìyẹn bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, kí o tó wá fi ti àlọ ránṣẹ́, n ó sì gbéra.

Ọmọ tí o bí á fi apá ara rẹ̀ fò lójú ẹ̀mí rẹ. Ẹ̀rọ ayé kò ní bá ọ nínú koríko. Ẹni tí o bá pè á dá ọ lóhùn, ẹni tó bá pè ọ́ kò ní dè ọ́. Bí mo ṣe rí ọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni n ó máa rí ọ bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, amọ̀kòkò, tí kò kó lọ síbì kankan.